PÓSÍ LẸ́NU Ọ̀NÀ OLÓRÍ ÌJỌBA: ORIN FẸLÁ ANÍKÚLÁPÓ-KÚTÌ GẸ́GẸ́ BÍ ÌTUMỌ̀ ÀROKÒ

1. Ìfáárà

Ní òpin oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1979, nígbà tí ó kù dẹ̀dẹ̀ kí ìjọba ológun gbé àṣẹ lé ìjọba alágbádá lọ́wọ́, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí kan lọ sí Dodan Barracks ní Èkó, níbi tí olú ibùjókòó ìjọba ológun wà nígbà náà. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì padà. Òkú kò sí nínú pósí náà. Ìyá tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e ti wà nínú ibojì ní Abẹ́òkúta láti ọdún tí ó ṣáájú. Ní 1981 ni àwo orin tí ó sọ ìtàn pósí yìí jáde, orúkọ tí Fẹlá sì fún un ni Coffin for Head of State.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí orin yìí ni ó kà á sí orin ìbínú àti orin ìṣèlú. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pósí ni olórin yìí gbé, tí kì í ṣe pátákó tí a kọ ọ̀rọ̀ sí, tàbí ìwé ẹ̀hónú. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ni pé àrokò ni pósí náà, àti pé ìtumọ̀ àrokò náà ni orin náà jẹ́. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni gbòǹgbò orin náà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, tí èdè tí a fi kọ ọ́ kì í sì í ṣe Yorùbá. Mo ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé tí olórin ti jáde àti ohun tí ó fa orin náà, kí n tó wá tú àrokò àti orin náà palẹ̀.

2. Ilé tí olórin ti jáde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá sí ní ọjọ́ 15 oṣù Ọkitóbà 1938. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti (1855–1930), jẹ́ oníwàásù tí ó fi orin Yorùbá mú ìhìn rere wọ inú ìlú. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Nítorí náà, Fẹlá kò bá orin pàdé lójú títì. Inú ilé ni ó bá a, ní ọwọ́ àwọn tí ó gbà pé orin wà fún iṣẹ́ tí ó ju ìgbádùn lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù. Wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù Ọkitóbà 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, ó sì kàwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà wá di olùkọ́. Nígbà tí ó di 1946, ó ti so àwọn obìnrin tí ó kàwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Owó orí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Lábẹ́ ètò tí àwọn Òyìnbó gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu bí a ó ti ná an. Aláké Adémọ́lá Kejì ni àṣẹ gbígba owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin rọ́ lọ sí iwájú ààfin ní Aké, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Orin ni wọ́n fi ń ṣọ́ òru náà. Wọ́n kọ orin èébú sí ọba, wọ́n fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn ní gbangba. Ní 1948, wọ́n dáwọ́ gbígba owó orí lọ́wọ́ obìnrin dúró. Ní oṣù Jánúárì 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà sí Aké títí di 1950. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fẹlá nígbà tí àwọn obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a mú dání láti inú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ní Abẹ́òkúta, orin jẹ́ ohun ìjà tí ó ti ṣiṣẹ́ lójú ayé. Èkejì ni pé ibi tí a gbé ẹ̀sùn sí jẹ́ apá kan ẹ̀sùn náà. Àwọn obìnrin náà lè kọrin wọn ní ọjà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọba ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí ọba kò ti lè sọ pé òun kò gbọ́.

3. Ohun tí ó fa orin náà

Fẹlá lọ sí London ní 1958, ó sì kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969 ni ó la ojú rẹ̀ sí ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, nípasẹ̀ Sandra Smith, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Sandra Izsadore. Orin Afrobeat tí ó gbé kalẹ̀ pa ìlù ilẹ̀ wa, háíláìfù, jáàsì àti fọ́ǹkì àwọn Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ra. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí ń jẹ́ Cream, wá bá a ṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní nǹkan bí 1975, Fẹlá bọ́ orúkọ Ransome sílẹ̀, ó sì mú Aníkúlápó dípò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà gba orúkọ yìí. Ẹni tí ó ní ikú ní àpò ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a gbàgbé èyí nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ pósí.

Ní 1976 ni ó kọ Zombie, orin tí ó fi àwọn ṣọ́jà wé ẹni tí kò ní èrò tirẹ̀, tí àṣẹ nìkan ń darí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Fẹ́búárì 1977, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ṣọ́jà ya bo ilé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Agége Motor Road, ilé tí ó pè ní Kalakuta Republic. Wọ́n lu ọkùnrin, wọ́n fìyà jẹ obìnrin, wọ́n dáná sun ilé pẹ̀lú àwọn ohun èlò orin, wọ́n sì sun ilé ìwòsàn àbúrò rẹ̀, Dókítà Bẹ́kọ̀. Ìyá wọn, ẹni ọdún 76, ni wọ́n jù láti ojú fèrèsé òkè sí ilẹ̀.

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ ni pé ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ìdílé náà pe ìjọba lẹ́jọ́, wọn kò jàre. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 1985, ilé ẹjọ́ náà sọ pé lábẹ́ òfin tí ó wà nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, a kò lè mú ìjọba fún irú ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé ibẹ̀, ìyá ti lọ. Ọjọ́ 13 oṣù Épírì 1978 ni ó kú, láì bọ́ nínú ìpalára ọjọ́ náà. Wọ́n sin ín sí Abẹ́òkúta, nínú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà sì ti ìsọ̀ wọn láti fi bọlá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ipò tí ọmọ wà. Ìyá ti kú. Ìgbìmọ̀ ní òun kò mọ ẹni tí ó ṣe é. Ilé ẹjọ́ ní ìjọba kò ní ẹjọ́ í jẹ́. Níbo ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ?

4. Pósí gẹ́gẹ́ bí àrokò

Àrokò ni ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń fi ohun tí a lè fojú rí sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò sọ. Bí a bá di owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Èyí tí ó wúwo jù lọ nínú àrokò ni èyí tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń pa sí Aláàfin: igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́. Bí ọba bá ti ṣí i, ó ti mọ̀ pé ìlú kọ òun, àti pé ọ̀nà ọ̀run ni ó kù.

Ìjọra tí ó wà láàrin igbá òfìfo àti pósí òfìfo hàn kedere. Àwọn méjèèjì jẹ́ ohun tí a fi ń gbé nǹkan, tí a sì gbé wá láì sí nǹkan nínú wọn. Òfìfo náà gan-an ni ọ̀rọ̀. A máa ń gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lórí àlééfà, ikú sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igbá òfìfo ń sọ ikú tí ń bọ̀ wá bá ọba. Pósí Fẹlá ń sọ ikú tí ó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ohun tí ó ń wí ni pé: ẹ̀yin ni ẹ ni òkú yìí, ẹ wá gbé e. Yorùbá gbà pé òkú tí a pa a máa jà, àti pé ẹ̀jẹ̀ kì í gbẹ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ó ta á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí wọ́n gbé pósí náà kalẹ̀ sí fi ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá gbé e sí gbàgede ọjà, ọ̀fọ̀ ni ìbá jẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà olórí ìjọba, ẹ̀sùn ni. Ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe ní Aké ní 1947 náà ni ọmọ aṣáájú wọn tún ṣe ní Dodan Barracks, ṣùgbọ́n pósí ni ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà dípò wọn.

Àrokò kò lè jíṣẹ́ àfi bí ẹni tí a pa á sí bá mọ èdè rẹ̀. Ní ti èyí, ó yẹ kí a rántí pé Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, olórí ìjọba nígbà náà, kì í ṣe àjèjì. Ọmọ Òwu ni, Òwu sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó para pọ̀ di Abẹ́òkúta. Baptist Boys’ High School ní Abẹ́òkúta kan náà ni ó ti kàwé. Ọmọ ìlú kan náà ni ó pàrokò, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n pa á sí. Kì í ṣe ète pépà yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kalakuta. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó gbé pósí náà lọ ní ìdí láti gbà pé ẹni tí yóò rí i yóò mọ ohun tí ó ń sọ.

5. Bí orin náà ṣe túmọ̀ àrokò

Orin náà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí gbogbo ará Èkó ń sọ ni Fẹlá sì fi kọ ọ́. Àwọn gígé láti inú ìwé ìròyìn ni ó kún ara páálí àwo náà, bí ẹni tí ó kó ẹ̀rí wá síwájú adájọ́. A lè pín ọ̀rọ̀ inú orin náà sí ọ̀nà mẹ́ta.

Apá kìíní jẹ́ ìrìn. Olórin sọ bí òun ṣe rìn káàkiri ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú, tí òun sì rí àwọn olórí tí ń ṣe ibi pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run lẹ́nu. Ó mú ọ̀rọ̀ àdúrà láti ọ̀dọ̀ Kírísítẹ́nì, ó mú u láti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí, àwọn elégbè sì ń dáhùn gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti ń dá àlùfáà lóhùn. Ẹni tí kò mọ ilé tí Fẹlá ti wá lè rò pé ó kàn fẹ́ fi ẹ̀sìn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ àlùfáà, ọmọ ọmọ àlùfáà ni. Lílé àti gbígbè inú ilé ìsìn tí baba ńlá rẹ̀ fi kọ́ àwọn Ẹ̀gbá ní ìgbàgbọ́ ni ó yí padà láti fi bi àwọn onígbàgbọ́ léèrè ìwà wọn.

Apá kejì jẹ́ kíka ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí ó ti tò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìlú tí wọ́n jí, ó mú ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pa, ó mú ọ̀rọ̀ ilé àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n sun, kí ó tó dé orí ilé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Ètò yìí ni mo kà sí ọkàn orin náà. Ọmọ tí ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ṣì tutù lára rẹ̀ ìbá ti kọ́kọ́ kígbe ìyá. Ṣùgbọ́n Fẹlá fi òkú tirẹ̀ sí ẹ̀yìn òkú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀fọ̀ ilé di ọ̀fọ̀ ìlú. Nígbà tí a bá fi máa dé ibi tí wọ́n ti gbé pósí, a ti mọ̀ pé òkú kan ṣoṣo kọ́ ni pósí náà wà fún.

Apá kẹta ni gbígbé pósí náà fúnra rẹ̀. Olórin sọ bí òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ṣe gbé e dé ẹnu ọ̀nà báríkì. Ó dárúkọ Ọbásanjọ́ àti Shehu Yar’Adua tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ó sì fi ìrísí ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ìwọ̀sí lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn eléfẹ̀ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu tàbí ní ilẹ̀ Yewa mọ̀ pé ẹnu olórin kì í yẹ ara ẹni ńlá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin Aké kò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni olórin àti elégbè wá ń tì í síwá sẹ́yìn pé wọn kò fẹ́ gba pósí náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Àwítúnwí yìí ni ìtumọ̀ àrokò: ẹ̀bi ni ohun tí a gbé fún wọn, ẹni tí ó sì jẹbi kò lè sọ pé òun kò gbà á.

6. Àwọn àríyànjiyàn tí ó lè wáyé

Ẹnìkan lè sọ pé Fẹlá fúnra rẹ̀ kò pe pósí náà ní àrokò nínú orin rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá náà kò pe orin wọn ní lítíréṣọ̀, àwa ni a ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìṣe ni a ń wò, kì í ṣe orúkọ tí oníṣe fún un.

Ẹlòmíràn lè ní Amẹ́ríkà ni Fẹlá ti kọ́ irú ìfẹ̀hónúhàn yìí. N kò jiyàn pé Amẹ́ríkà fún un ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọdún 22 kí ó tó dé ibẹ̀ ni ó ti rí i ní Aké bí a ti ń gbé ẹ̀sùn lọ sí ẹnu ọ̀nà aláṣẹ. Amẹ́ríkà rán an létí ohun tí ilé ti fi hàn án.

Èyí tí ó le jù ni ti àbájáde. Ní 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ní 1979, kí ni pósí náà ṣe? Ìjọba ológun lọ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọkitóbà, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó gbé e lọ, kì í ṣe pósí. Mo gbà pé ìyàtọ̀ ńlá nìyí, ó sì tọ́ kí a sọ ìdí rẹ̀. Yorùbá ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìlérí ọba nìkan. Májẹ̀mú ni láàrin aláṣẹ àti olórin, pé olórin yóò wí, aláṣẹ yóò sì gbọ́. Aláké ń gbé láàrin àwọn tí ń kọrin mọ́ ọn, ojú sì ń tì í. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri báríkì kò sí nínú májẹ̀mú yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sun Kalakuta nítorí Zombie ni májẹ̀mú náà ti já.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé pósí tí Fẹlá gbé lọ sí Dodan Barracks jẹ́ àrokò tí ó tẹ̀lé ìlànà tí Yorùbá mọ̀, àti pé Coffin for Head of State ni ó tú àrokò náà fún aráyé. Àrokò àtijọ́ jẹ́ àṣírí láàrin ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á. Tirẹ̀ kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbà á kò fèsì, ìgbìmọ̀ kò rí ẹlẹ́ṣẹ̀, òfin sì ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni olórin ṣe tú àrokò rẹ̀ ní gbangba, ní èdè tí ará ọjà gbọ́, kí gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ orin náà lè di adájọ́.

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Ògúsítì 1997. Ilé ẹjọ́ kò dá ìyá rẹ̀ láre nígbà ayé rẹ̀, kò sì dá a láre lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìdájọ́ 1985 wà ní ilé ìkówèésí àwọn agbẹjọ́rò, níbi tí ìwọ̀nba ènìyàn ti ń kà á. Orin náà wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn bá ń wá ibi tí àrokò wọlé sí lẹ́yìn tí ìwé kíkà dé, ó yẹ kí a wo inú àwo orin pẹ̀lú.